Ẹni Tó Ṣí Pósí Masauso

Oúnjẹ ọ̀sán ni mò ń jẹ lọ́wọ́, òkèlè nshima àti ẹja wẹ́wẹ́ kapenta tí ìyàwó mi fi tòmátì sè, nígbà tí Tionenji wọlé tó sì kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ngoni kúnlẹ̀ fún èmi Bemba láì kọ́kọ́ bú mi. Mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́ nìyẹn.

Mo ní, "Dìde ńbẹ̀, ajèkúté. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá Kasuba. Wọ́n ní kí n yọ yín kúrò nínú fíìmù ni."

"Kí wọ́n yọ mí kẹ̀? Ṣé eyín tó ń ro wọ́n ni mí ni?"

Ìyàwó mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nígbáàyà. Ó ní kí n jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sọ tẹnu ẹ̀. Mo bá panu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ iṣẹ́ yẹn ṣe. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wa bàbà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ní Kitwe níbí kí n tó fẹ̀yìn tì tí mo di káfíńtà. Ẹni tí kò bá lè pariwo nísàlẹ̀ yẹn, òkúta lè wó lù ú kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Ohùn mi kò tíì padà sílẹ̀ láti ìgbà náà.

Tionenji ni àbúrò Masauso Jere. Masauso ni olùkọ́ tó ń gbé ilé kejì sí tèmi kó tó kú, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tínínrín, ẹlẹ́rìn-ín. Láràárọ̀ tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kọjá níwájú ilé mi, á nàgà wo inú ọgbà, á ní, "Bàbá Kasuba, ẹ ti jẹ apá ọ̀bọ tàná tán ni àbí ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó?" Èmi náà á ní, "Ológbò àdúgbò ń wá ọ o. Ó ní o ti kó gbogbo èkúté òun jẹ tán." Bí a ṣe ń kíra wa nìyẹn. N kò rántí ọjọ́ kan tí ọmọ yẹn sọ pé ẹ káàárọ̀ fún mi bí ọmọ gidi.

Chimbuya ni wọ́n ń pe ẹ̀fẹ̀ náà, àti ẹni tó ń ṣe é. Àwọn baba ńlá Bemba àti ti Ngoni jagun títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá sọ ogun náà di ẹ̀fẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Ngoni bá bú Bemba, Bemba kò gbọdọ̀ bínú, bí Bemba náà bá bú u padà, ó di ẹ̀rín: Ngoni á ní Bemba ń jẹ ọ̀bọ, Bemba á ní Ngoni ń jẹ èkúté. Ibi ìsìnkú gan-an ni ẹ̀fẹ̀ náà ti ń le jù. Bí òkú bá ṣẹlẹ̀ nílé Ngoni, Bemba ni yóò wá dàlú rú. Á dé fìlà òkú, á dùbúlẹ̀ sínú sàréè tí wọ́n gbẹ́, á ní kò sẹ́ni tí wọ́n máa sin níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, kì bá à ṣe ọba. Àwọn tó ń sunkún á rẹ́rìn-ín, ọkàn wọn á sì fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òun alára kò gbọdọ̀ sunkún.

Ohun tó pa Masauso ni pé ó máa ń ka orúkọ. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ orúkọ àwọn tí ọlọ́pàá tì mọ́lé láì gbé wọn dé kóòtù sí, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ó sì máa ń ka orúkọ wọn lórí rédíò àdúgbò, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí wọ́n ti lò níbẹ̀. Ó ṣe é fún oṣù mẹ́rin. Ní Ọjọ́bọ̀ kan wọ́n wá mú òun náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta wọ́n ní kí ìyá ẹ̀ wá gbé òkú. Ìwé tí wọ́n fún ìyá náà sọ pé ó ṣubú lulẹ̀ nínú yàrá àtìmọ́lé, ó sì forí sọlẹ̀. Wọ́n ti kan pósí náà pa kí wọ́n tó gbé e wá. Wọ́n ní ara òkú ti ń bàjẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Ọlọ́pàá mẹ́ta ló tẹ̀ lé e dé ibi ìsìnkú pẹ̀lú ìbọn.

Ẹbí kò lè ṣí i. Àlùfáà kò lè ṣí i. Mo dúró láàárín èrò, mo wo ìyá ẹ̀ tó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn obìnrin, tó ń wo àpótí náà bí ẹni tó fẹ́ fi ojú gbẹ́ ihò sára ẹ̀. Mo bá yọ òòlù mi nínú ìgbànú.

Ìyẹn ni ìran tí wọ́n ní kí Tionenji yọ.

Iṣẹ́ fíìmù ìgbéyàwó ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kú ni kò ti gbé kámẹ́rà sílẹ̀ mọ́. Ọdún méjì ló fi ń ya fíìmù náà: ìyá ẹ̀ tó ń lọ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì, adájọ́ tó ní kò sí ẹ̀rí, lọ́yà méjì tí wọ́n gba ẹjọ́ náà tí wọ́n sì sá. Nígbà tó parí, ó fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀bùn Òmìnira ní Lusaka. Ọdọọdún ni wọ́n ń fún fíìmù kan ní ẹ̀bùn náà, fíìmù òótọ́ tó bá gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn jù lọ. Bí fíìmù bá gbégbá orókè níbẹ̀, àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní ẹ̀bùn náà á gbé ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ lọ sí kóòtù lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan tí Tionenji ń wá gan-an nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá ẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ayé yìí: ìwé tí kò ní sọ pé ọmọ òun ṣubú.

Fíìmù náà ti wà lára márùn-ún tó kù nínú ìdíje. Ni lẹ́tà bá dé. Tionenji kà á fún mi lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn adájọ́ ìdíje sọ pé ìran tí ọkùnrin kan ti ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́, tó ń já pósí, tó ń tú aṣọ ìsìnkú, tàbùkù òkú àti ẹbí. Ẹ̀bùn tó wà fún iyì ọmọ ènìyàn kò lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́lá. Kí ó yọ ọ́ kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, tàbí kí fíìmù náà kúrò nínú ìdíje.

Tionenji ní, "Mo sọ fún wọn pé n kò ní yọ ọ́. Bí mo bá yọ ọ́, kí ló kù? Ibẹ̀ nìkan la ti rí ara ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí wá ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní kí n mú ọkùnrin náà wá kí àwọn gbọ́ tẹnu ẹ̀." Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀kan nínú wọn béèrè bóyá ọlọ́pàá ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀."

Òkèlè tó wà lọ́wọ́ mi, mo dá a padà sínú àwo. Èmi. Ọlọ́pàá bẹ èmi lọ́wẹ̀ láti fi Masauso ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí mi débi pé mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

Ìyàwó mi ní, "Ọ̀la ni bọ́ọ̀sì yín. Mà á bá yín lọ aṣọ. Àti pé, Bàbá Kasuba, bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni."

Mo ní n kò ní jágbe.

Láti Kitwe dé Kapiri Mposhi ni Tionenji fi ń kọ́ mi lóhun tí n óò sọ. Láti Kapiri dé Kabwe ni mo fi gbàgbé ẹ̀. Nígbà tí a wọ Lusaka, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, n kò sì sọ ọ́ fún un. Ṣé ẹ rí i, ìdí tí ọlọ́pàá kò fi mú mi lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn ni pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ọ̀gá wọn fẹ́ bọ́ síwájú nígbà tí mo fi òòlù kan ìdérí pósí, àwọn àgbà ní, "Chimbuya ẹ̀ ni, fi í sílẹ̀," ni ọkùnrin náà bá dúró, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí mo bá wá sọ lẹ́nu ara mi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ wá ẹ̀rí ni, ẹ̀fẹ̀ kúrò níbẹ̀. Mo di ẹni tó já pósí tí ìjọba ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn. Bí mo bá sì ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni, àwọn adájọ́ yìí á ní ẹ ò rí i, ẹlẹ́yà ni. Ọdún méjì ni mo ti ń fi ẹ̀fẹ̀ yẹn bora bí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ó ń bà mí lẹ́rù láti ká a kúrò.

Inú yàrá kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń jókòó. Adájọ́ mẹ́rin ni wọ́n, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni mo bá. Tionenji ti ṣàlàyé fún mi pé ẹni kẹrin jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, òfin wọn sì ni pé bí wọ́n bá kan fíìmù láti orílẹ̀-èdè ẹnì kan, ẹni náà á bọ́ síta, kò sì gbọdọ̀ sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Wọ́n ṣe òfin náà kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ohun tó ń wò ni wọ́n lé síta yẹn. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Olórí wọn ni Adájọ́ Molefe, obìnrin arúgbó láti Botswana tó ti fẹ̀yìn tì ní kóòtù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni òyìnbó gíga kan tó ń ṣe fíìmù, Anders lorúkọ ẹ̀, àti ọ̀dọ́bìnrin kan láti Íńdíà tó ń kọ̀wé. Wọ́n ní kí Tionenji dúró síta. Wọ́n tan ìran náà fún mi lórí kọ̀ǹpútà.

Mo rí ara mi. Mo gun orí pósí bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Mò ń pariwo, "Masauso, ìwọ ajèkúté, ta ló ní o kú? Irọ́ lo ń pa. Iṣẹ́ lo ń sá fún. Ẹ jẹ́ kí n wò ó, ó dá mi lójú pé èkúté ló ń jẹ nínú ibẹ̀, kò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni." Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Mo fa ìṣó yọ. Mo ṣí ìdérí. Mo gbé ọwọ́ òkú sókè, ojú okùn sì yí ọrùn ọwọ́ náà ká, ó dúdú. Mo ní, "Ta ló dè ọ́? Ṣé èkúté onílẹ̀ lo lọ jí ni?" Mo tú aṣọ èjìká ẹ̀. Mo ní, "Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀lẹ. Ẹ̀yìn yìí kò ru nǹkan kan rí, báwo ló ṣe bó báyìí?" Ẹ̀rín ti ń dákẹ́ nígbà yẹn.

Adájọ́ Molefe ní, "Ṣé ẹ̀yin nìyí, Bàbá?"

"Èmi ni. Mo sanra díẹ̀ nígbà yẹn."

"Ṣé ẹbí fún yín láyè láti ṣe èyí?"

"Wọn kò ní láti fún mi láyè. Bí wọ́n bá ní kí n má ṣe é, ìgbà yẹn gan-an ni mà á ṣe é."

Mo rí i lójú wọn pé ìdáhùn yẹn kò dára. Mo gbìyànjú. Mo sọ ti Bemba àti Ngoni, ti ogun, ti ẹ̀fẹ̀. Anders ń gbọ́ mi pẹ̀lú sùúrù bí ẹni ń gbọ́ ọmọdé. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó yé mi. Ọ̀rẹ́ yín ni òkú yìí. Báwo lẹ ṣe lè pè é ní ọ̀lẹ? Ṣé ẹ̀fẹ̀ lẹ̀ ń ṣe ni, àbí ẹ̀rí lẹ̀ ń wá?"

Ìbéèrè náà dé. Mo wo kọ̀ǹpútà, Masauso wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ẹ̀ nínú ọwọ́ mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé kí ọlọ́pàá máa bọ̀ wá mú mi nígbà náà.

Mo ní, "Ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Láti ilé ni mo sì ti mú òòlù dání. Méjèèjì ni. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ náà ń ríran."

Anders mi orí. Ó ní kò yé òun sí i. Ni inú bá bí mi tán pátápátá. Mo ní ó yẹ kó yé e, pé ẹni tó bá fẹ́ dájọ́ ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ̀fọ̀. Mo ní kí wọ́n mú ẹ̀bùn wọn fún ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín. Ohùn tí mo fi sọ ọ́, ará Kitwe á gbọ́. Mo jáde, mo sì gbá ilẹ̀kùn pa mọ́ wọn.

Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán kí n tó rántí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi. Mo ti ba nǹkan jẹ́. Ìwé ìyá Masauso, mo ti fi ẹnu ara mi ya á. Tionenji dìde lórí àga, ó wo ojú mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọkùnrin kúkúrú kan jókòó níwájú fèrèsé níbẹ̀, ó ń mu tíì, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ta ló tú ọ̀bọ sílẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì yìí?"

N kò mọ orúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó jẹ́. Ara mi kọ́kọ́ gbà á kí n tó ronú.

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Mo ní kí ló ń rùn báyìí láti ẹnu ọ̀nà. N kò mọ̀ pé wọ́n ń yan èkúté nínú kóòtù."

"Bàbá, rọra o. Ìrù ẹ ń wọ́ nílẹ̀."

"Ìrù mi ni mà á fi nà ọ́. Ta ló fún irú ẹ ní tíì? Wọn kò mọ̀ pé inú ihò lo ti máa ń mumi?"

Ó gbé ife sílẹ̀, ó dìde, ó já fìlà lórí mi, ó fi dé orí ara ẹ̀. Mo gbá a lọ́rùn kóòtù mú, mo tì í mọ́ ògiri. Mò ń pariwo pé ọjọ́ tó bá kú, inú páálí ọṣẹ ni mà á ti sin ín, pé pósí gidi kò tọ́ sí i. Ó ń pariwo padà pé kí n tètè kú kí òun lè jó lórí sàréè mi. Àwọn gáàdì méjì ń sáré bọ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí, àwọn adájọ́ yọ síta, Anders sì na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ̀ wá pé ká má jà.

Ọkùnrin kúkúrú náà di apá mi mú. Ojú ẹ̀ ti kún fún omi. Ó ní, "Bí mo bá kú, ìwọ Bemba, wá fi òòlù já pósí mi. Ta ló tún kù tó lè já a?"

Ó dì mọ́ mi. Èmi náà dì mọ́ ọn. Ẹ̀rín ni àwa méjèèjì ń rín.

Gáàdì àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń mí hẹlẹ. Ó wo èmi, ó wo ọkùnrin náà. "Bemba àti Ngoni ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì ń jẹ́ kí èèyàn sáré lásán," ló wí, ó ti fìlà ẹ̀ sẹ́yìn, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà ni adájọ́ kẹrin, Ọ̀gbẹ́ni Sakala, ọmọ Ngoni láti Chipata. Ó yíjú sí Adájọ́ Molefe, ó dá fìlà mi padà fún mi. Ó ní, "Màmá, n kò sọ nǹkan kan lórí fíìmù náà. Òfin kò ní kí n má bú Bemba."

Obìnrin náà ń wo gáàdì tó ń lọ. Ó ní, "Nílé wa, ọmọ arákùnrin ìyá mi nìkan ló lè bú mi tí inú kò ní bí mi. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó wọlé, ó jókòó sórí àga ọkọ mi, ó ní kí n wá fún òun lóúnjẹ, pé òun ni ọkọ báyìí. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn." Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wọlé. Ìbéèrè kan ló kù tí mo fẹ́ bi yín."

Wọ́n tún tan ìran náà. Ó dá a dúró níbi tí mo ti gbé ọwọ́ Masauso sókè.

Ó ní, "Ẹ̀fẹ̀ ibí yìí ti tán. Gbogbo èèyàn ti dákẹ́. Kí ló dé tí ẹ ṣì gbé ọwọ́ náà sókè? Ó pẹ́ gan-an."

Mo ní, "Ọwọ́ Tionenji ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń yà. Mò ń dúró dè é kí kámẹ́rà lè ríran dáadáa."

Ọ̀dọ́bìnrin Íńdíà bo ẹnu. Anders dìde, ó lọ dúró níwájú fèrèsé, ó kẹ́yìn sí wa, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n má bínú sí òun. Mo ní n kò lè bínú sí i, òun kì í ṣe Ngoni. Wọ́n gbà kí ìran náà dúró nínú fíìmù.

Ara tù mí débi pé ebi ń pa mí. Tionenji ra adìyẹ yíyan fún mi létí títì, mo jẹ odindi kan, ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín ó ń sunkún, ó ní bí Bemba bá rí ohun tí kì í ṣe ọ̀bọ, kò mọ ìgbà tó yẹ kó dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n kéde ẹni tó gba ẹ̀bùn náà. Ìyá Masauso wọ bọ́ọ̀sì wá láti Kitwe, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú gbọ̀ngàn ńlá náà, ó di ìró chitenge ẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà tí wọ́n fi ìran mi hàn, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ọrùn ọwọ́, tí wọ́n rí ẹ̀yìn, ni gbọ̀ngàn náà bá dákẹ́. Wọ́n pe orúkọ fíìmù Tionenji. Ó gun orí pèpéle, ó ka orúkọ mẹ́rìndínlógún láti inú ìwé kékeré ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Ìyá ẹ̀ tẹ̀ sí mi létí. Ó ní, "Ìwọ ajẹran-ọ̀bọ. Ẹnu ẹ tóbi jù nínú fíìmù yẹn."

Ní ọdún méjì, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ nípa ọjọ́ ìsìnkú náà. Ṣùgbọ́n ó di apá kóòtù mi mú títí wọ́n fi tan iná gbọ̀ngàn.

Àwọn lọ́yà ẹgbẹ́ náà dé Kitwe láàárín oṣù kan. Kóòtù tún ẹjọ́ ṣí. Wọ́n hú òkú, dókítà wò ó. Wọ́n pe èmi náà, mo sì dúró síbi ẹlẹ́rìí. Lọ́yà ọlọ́pàá ní ta ló fún mi láṣẹ láti já pósí tí wọ́n ti kàn pa. Kí n tó lanu, adájọ́ bọ́ awòjú, ó wò ó. Ó ní, "Lọ́yà, ṣé ìwọ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí ni? Béèrè ìbéèrè mìíràn." Ìbẹ̀rù tó ti ń gbé nínú mi láti ọdún méjì jáde lọ níbẹ̀, n kò sì mọ ọ̀nà tó gbà. Nígbà tí ẹjọ́ yẹn máa fi parí, ọlọ́pàá méjì ti wà látìmọ́lé.

Ìyá Masauso wá sílé mi lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Mò ń kan ẹsẹ̀ tábìlì níta. Ó fa ìwé kan yọ láti inú ọ̀rá, ó nà án sí mi.

Ó ní, "Kà á."

"Tionenji kò tíì kà á fún ẹ ni?"

"Ó ti kà á. Ọmọ mi ni. Ó lè fi irọ́ tù mí nínú. Ìwọ, ìwọ kò ní tù mí nínú láéláé. Kà á."

Mo nu ọwọ́ mi. Mo wọ awòjú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì ń sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń kà á. "Kóòtù rí i dájú pé Masauso Jere kò ṣubú. Wọ́n de ọwọ́ ẹ̀, wọ́n sì lù ú nínú àtìmọ́lé títí ó fi kú. Kò ṣẹ̀ sí òfin kankan."

"Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un kà. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní kò ṣẹ̀ sí òfin kankan, ohùn mi já.

Ó ní, "Kí ló há ọ lọ́fun? Egungun ọ̀bọ?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta, mo kà á parí. Ó gba ìwé náà, ó ká a, ó fi sáyà. Ó ní, "Kò ṣubú." Mo ní, "Kò ṣubú." Ó wá àga, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò wa, ó fẹ̀yìn tì. Mò ń wá èébú tí n óò fi dá a lóhùn lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i pé ó ti sùn lọ. Ìyàwó mi jáde wá, ó bò ó ní chitenge. Ó sùn títí di àṣálẹ́, kò sì sẹ́ni tó jí i.